Ariwo S7 tó ń wọlé nígbà tí rédíò bá gba inú àpótí súwìṣì áńtẹ́nà

Ará Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi nínú iṣẹ́ rédíò ham (rédíò tí à ń fi bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú fún ìgbádùn). Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìṣòro kan ti ń gba oorun lójú mi, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi wò ó dáadáa kí n tó tún náwó sí i.

Ìbàdàn ni mo ń gbé. Áńtẹ́nà mẹ́ta ni mo ní lórí ilé: dipole (áńtẹ́nà wáyà alápá méjì) ti ìgbì mítà 40, tí apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 10, dipole kékeré ti ìgbì mítà 20, àti ọ̀pá òòró kan fún ìgbì mítà 10. Nítorí pé mi ò fẹ́ máa fa wáyà coaxial (wáyà áńtẹ́nà tí àwọ̀n bàbà bò) mẹ́ta gba ojú fèrèsé wọlé, mo ra àpótí súwìṣì oníhò mẹ́rin tí ó ń fi relay (súwìṣì kékeré tí iná ń ṣí tó sì ń pa) ṣiṣẹ́, mo sì dè é mọ́ òpó lókè òrùlé. Wáyà coaxial RG-213 kan ṣoṣo ni ó ti ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sídìí rédíò, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí okùn márùn-ún wà nínú rẹ̀ sì bá a rìn fún nǹkan bíi mítà 25. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni ó ń gbé fóltì 12 lọ fún àwọn relay. Ṣájà kékeré kan, irú èyí tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, ni ó ń pèsè fóltì 12 náà. Bí iná kò bá sí lórí okùn kankan, ihò kìíní ni àpótí náà máa ń ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni dipole mítà 40 wà.

Bí mo bá gun òrùlé tí mo yọ wáyà dipole kúrò lára àpótí, tí mo so ó pọ̀ mọ́ wáyà tó sọ̀kalẹ̀ tààrà, abẹ́rẹ́ rédíò, tó ń fi ipele S wọn bí ohun tó ń wọlé ṣe le tó, máa ń wà ní S2 lọ́sàn-án. Bí mo bá dá a padà sínú àpótí, abẹ́rẹ́ á fò lọ sí S7. Ipele márùn-ún ni ìyàtọ̀ yẹn, ipele kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ decibel 6, èyí tó túmọ̀ sí pé agbára ariwo náà di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn tí mo máa ń gbọ́ láti Accra àti láti Kàdúná kò wọ etí mi mọ́.

Ariwo náà kì í ṣe ti ààrá, kò sì dà bí híhó òjò lórí páànù. Ńṣe ni ó ń kùn bí agbọ́n tí wọ́n sé mọ́nú agolo. Mo tún ṣàkíyèsí pé ó máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ojú ibì kan, á rọlẹ̀, á tún le: mo bá a ní 7.020, mo bá a ní 7.085, mo tún bá a ní 7.150 megahẹ́ẹ̀tì. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tí ara gbogbo nǹkan gbóná, àwọn ojú ibẹ̀ máa ń sún díẹ̀.

Mo ti pààrọ̀ gbogbo ẹnu wáyà PL-259, mo ra relay tuntun méjì, mo sì jó wọn mọ́ bọ́ọ̀dù fúnra mi. Kò yí padà rárá. Ẹnìkan ní kí n gbé àpótí náà jù nù kí n ra òmíràn. Kí ni ẹ rí sí i?

Àgbà Ìjẹ̀bú:

Àbúrò mi, má tíì ra nǹkan kan. Relay tó bàjẹ́ kì í kùn. Bí ojú rẹ̀ bá dípẹtà, àmì tó ń gbà á kọjá lè dínkù, ó lè máa wá kó máa lọ, tàbí kó máa ta pàrà bí afẹ́fẹ́ bá mi òpó. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí relay ní nínú tí yóò fi dá ariwo sílẹ̀ ní ojú mẹ́ta tí wọ́n jìnnà síra lọ́gbọọgba.

Wo àwọn nọ́ńbà tí ìwọ fúnra rẹ kọ. Láti 7.020 dé 7.085 jẹ́ kílóhẹ́ẹ̀tì 65, láti 7.085 dé 7.150 náà sì jẹ́ 65. Ọ̀pọ̀ ṣájà kékeré òde òní kò ní tiransfọ́mà onírin wíwúwo nínú mọ́. Ńṣe ni wọ́n ń tan iná tí wọ́n ń pa á ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 65,000 sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìwọ̀n tí wọ́n máa ń lò jù. Gbogbo ìlọ́po 65 yẹn ni ó ń jáde síta gẹ́gẹ́ bí ariwo, títí dé orí ìgbì tí a ń lò. Bí ṣájà bá gbóná, ìwọ̀n náà yóò yí díẹ̀, ojú ibi tí ariwo ti le yóò sì sún. Ohun tí o rí gan-an nìyẹn.

Àmọ́ kì í ṣe torí pé mo fura sí ṣájà ni ká fi dá a lẹ́bi láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí ní ìtẹ̀léra, má sì fo ọ̀kankan, kí o kọ ohun tí abẹ́rẹ́ bá sọ sínú ìwé lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kọ́kọ́ gbé rédíò sórí bátìrì, kí o wá pa súwìṣì àgbà gbogbo ilé, kí inverter náà sì kú pátápátá. Bí ariwo bá lọ, inú ilé rẹ ni ó wà. Bí kò bá lọ, ilé aládùúgbò tàbí wáyà òpó iná ni ká lọ wò. Lẹ́yìn náà, tan iná padà, yọ dipole kúrò ní ihò kìíní, kí o fi dummy load ohm 50 (ohun tó dà bí áńtẹ́nà lójú rédíò ṣùgbọ́n tí kì í gba ìgbì) dípò rẹ̀. Kò sí áńtẹ́nà níbẹ̀ mọ́, nítorí náà ariwo tó bá ṣì wọlé, ọ̀nà mìíràn ni ó gbà. Níkẹyìn, yọ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé fóltì 12 kúrò lára àpótí pátápátá. O ní bí iná kò bá sí, ihò kìíní ló ń ṣí, nítorí náà ìdánwò náà yóò ṣeé ṣe. Wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn okùn rẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀ ni kí o sì kọ́kọ́ dá padà.

Alátùn-únṣe Àkúrẹ́:

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi tèmi kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yàtọ̀ sí ti bàbá. Mo ti ṣí irú àpótí bẹ́ẹ̀ rí, ohun tí mo sì bá níbẹ̀ ni pé àwọn ihò kò dá yà sí ara wọn dáadáa. Ariwo tí ọ̀pá òòró ń gbà ní ihò kẹta lè máa jò wọ ihò kìíní, pàápàá tí ọ̀pá náà bá sún mọ́ ògiri ilé, níbi tí gbogbo wáyà iná wà. Mo rò pé kí arákùnrin wa ri irin ilẹ̀ tó gùn dáadáa mọ́lẹ̀ nídìí òpó, kí wọ́n so àpótí mọ́ ọn. Irin ilẹ̀ tó dára máa ń gbé ariwo lọ.

Àgbà Ìjẹ̀bú:

Ẹ ṣeun, ọ̀rẹ́ mi. Jíjò láti ihò sí ihò kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpótí tí kò dára rárá pàápàá máa ń dí ju decibel 30 lọ ní megahẹ́ẹ̀tì 7. Kí ariwo tó jò tó bẹ́ẹ̀ kó sì ṣì gbé abẹ́rẹ́ dé S7, ọ̀pá yẹn fúnra rẹ̀ ní láti máa gba ariwo tó kọjá S9 pẹ̀lú decibel 18. Ó rọrùn láti mọ̀: kí ó yọ wáyà ọ̀pá náà kúrò lára ihò kẹta kó sì wò ó.

Ní ti irin ilẹ̀, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí nítorí iye owó tí mo ti rí tí àwọn ọ̀dọ́ ń rì mọ́lẹ̀. Irin ilẹ̀ ṣe pàtàkì fún ààrá, kí gbogbo wa sì ní in. Ṣùgbọ́n wáyà tó gùn ní mítà mẹ́ta láti orí àpótí sílẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ mọ́ lójú ìgbì rédíò. Áńtẹ́nà mìíràn ni. Ariwo kì í wọ ilẹ̀ lọ kó má padà bọ̀. Ọ̀dọ̀ ṣájà tí ó ti wá ni ó ń wá ọ̀nà padà sí.

Ará Mọ́kọ́lá:

Ẹ ṣeun púpọ̀, bàbá, ẹ̀yin náà sì ṣeun, alátùn-únṣe. Mo fi gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣe é, mo sì mú ọmọkùnrin mi lọ́wọ́ kó máa ka abẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ kó sì máa ké e sí mi lórí òrùlé.

Nígbà tí mo pa iná gbogbo ilé, tí rédíò wà lórí bátìrì, ariwo já wá sí S2. Mo tan iná padà, ó padà sí S7. Mo fi dummy load sí ihò kìíní, mo retí pé yóò dákẹ́, ṣùgbọ́n S6 ni ọmọ náà ké sókè. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, torí kò sí áńtẹ́nà kankan níbẹ̀. Mo yọ wáyà ọ̀pá òòró kúrò ní ihò kẹta, ó ṣì wà ní S6. Mo wá yọ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ sùn sílẹ̀, kò tilẹ̀ dé S1.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ìgbẹ̀yìn. Okùn ilẹ̀ nìkan ni mo dá padà, kò sí fóltì lórí okùn kankan, kò sí relay tó ta, síbẹ̀ S6 padà wá ní kíá. Mo wá sọ̀kalẹ̀, mo yọ ṣájà kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ariwo lọ. Mo kì í padà, ariwo dé. Mo ṣe é ní ìgbà mẹ́rin kí ó lè dá mi lójú.

Nítorí náà ṣájà ni. Ohun tí kò yé mi ni bí ariwo ṣe wọ inú rédíò láti orí okùn ilẹ̀ lásán, nígbà tí dummy load wà níbẹ̀ tí wáyà RG-213 sì ní àwọ̀n bàbà tó bò ó yípo. Ṣé àwọ̀n bàbà yẹn kọ́ ló yẹ kó dá ariwo dúró ni?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Leeds:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ìdánwò okùn ilẹ̀ yẹn dára gan-an, torí òun gan-an ló sọ gbogbo ìtàn náà. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé mi.

Lójú ìgbì rédíò, àwọ̀n bàbà tó wà lára wáyà coaxial ní ojú méjì tí kì í mọ ara wọn. Àmì tí ẹ fẹ́ gbọ́ ń rìn ní ojú inú àwọ̀n náà, ó sì ń bá okùn àárín ṣe pọ̀. Ojú ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí wáyà mìíràn lọ́tọ̀, ohunkóhun ló sì lè máa rìn níbẹ̀. Ṣájà yín kò ní ẹsẹ̀ ilẹ̀, kapásítọ̀ kékeré kan sì wà nínú rẹ̀ tó so apá iná ńlá pọ̀ mọ́ apá fóltì 12. Kapásítọ̀ yẹn ló fà á tí irin ara ohun èlò mìíràn fi máa ń ta wá lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án nígbà tí ó wà lórí ṣájà. Ibẹ̀ ni ariwo gbà jáde: ó bọ́ sórí okùn ilẹ̀, ó gun òrùlé lọ bá àpótí, ó wá gba ojú ẹ̀yìn wáyà RG-213 sọ̀kalẹ̀ wá sí ara rédíò, ó sì gba wáyà iná rédíò padà sí ògiri. Ó yí po.

Bí ojú ẹ̀yìn bá dúró ní ẹ̀yìn, kò ní pa yín lára. Ibi tí ó ti ń wọ inú ni ó yẹ ká wá, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé inú àpótí ni. Ẹ ṣí i, kí ẹ wò ó bóyá rọ́bà ni àpótí náà, tí ó sì jẹ́ pé wáyà tín-ín-rín kan tàbí ìlà bàbà orí bọ́ọ̀dù ni ó so ara àwọn ẹnu SO-239 (ihò tí ẹnu wáyà ń dè mọ́) pọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, iná ariwo tó ń kọjá àti àmì tí ẹ fẹ́ gbọ́ jọ ń pín wáyà tín-ín-rín yẹn lò. Wáyà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 8 máa ń dènà pẹ̀lú nǹkan bí ohm 3.5 ní megahẹ́ẹ̀tì 7. Bí iná ariwo tó ń gbà á kọjá bá jẹ́ mẹ́wàá péré nínú mílíọ̀nù àáǹpù kan, fóltì tí yóò bí sórí rẹ̀ yóò jẹ́ 35 nínú mílíọ̀nù fóltì kan. S9 fúnra rẹ̀ jẹ́ 50. Ìdajì 35 yẹn nìkan, bó bá wọ rédíò, ti gbé abẹ́rẹ́ kọjá S7.

Nítorí náà iṣẹ́ méjì ni: kí ẹ mú orísun ariwo kúrò, kí ẹ sì dí ihò tó ń gbà wọlé. Fún ti àkọ́kọ́, relay fóltì 12 kékeré kan kì í sábà mu ju nǹkan bí ìdá 30 nínú ẹgbẹ̀rún àáǹpù lọ. Bátìrì 7 Ah, irú èyí tó máa ń wà nínú UPS kọ̀ǹpútà, lè gbé e fún ọjọ́ mẹ́sàn-án láìsinmi. Ẹ má gbàgbé láti fi fíúsì sí ẹnu rẹ̀. Fún ìkejì, ẹ gé aluminiọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ kan, kí ẹ lu ihò sí i, kí gbogbo ẹnu SO-239 sì di mọ́ ọn tààrà, kí okùn ilẹ̀ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì parí sórí rẹ̀ níbi tó ti wọlé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá òrùka ferrite (òrùka dúdú tó ń dènà ariwo lórí wáyà), irú 31, èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 61. Òun ló dára jù fún àwọn ìgbì ìsàlẹ̀ bíi mítà 40. Ẹ yí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lára nígbà mẹ́wàá tàbí méjìlá lẹ́bàá ibi tó ti wọ àpótí. Àwọn èèyàn máa ń fi ferrite kan há wáyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn á ní kò ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, kò lè ṣiṣẹ́, torí ìdènà rẹ̀ ń pọ̀ ní ìlọ́po iye ìgbà tí wáyà gba inú rẹ̀ kọjá lọ́nà iye yẹn fúnra rẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá ju ìgbà kan lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Ohun kan tí mo bẹ̀ yín fún: ẹ má ṣe gé wáyà ilẹ̀ iná ilé tàbí ti rédíò torí kí ariwo lè lọ. Mo ti rí ẹni tó ṣe é. Iná lè gbé èèyàn.

Alátùn-únṣe Àkúrẹ́:

Mo gbà. Ti wáyà tín-ín-rín inú àpótí yẹn, èyí tí mo ṣí lọ́jọ́sí rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo sì pe ohun tí mo rí ní jíjò láàárín àwọn ihò. Ẹ bá mi fi kún un pé kí wọ́n jó kapásítọ̀ 10 nF kan láti ara okùn kọ̀ọ̀kan sí ara aluminiọ́ọ̀mù náà, kí wọ́n sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú bó ṣe lè kúrú tó. Kí wọ́n sì rí i pé diode kan (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ojú kan ṣoṣo), bíi 1N4007, wà lórí kọ́ìlì relay kọ̀ọ̀kan. Òun kọ́ ló ń fa ariwo yìí, ṣùgbọ́n láìsí i, súwìṣì ìsàlẹ̀ kò ní pẹ́ jó.

Ará Mọ́kọ́lá:

Mo padà wá jíṣẹ́ fún yín.

Rọ́bà ni àpótí náà lóòótọ́. Nígbà tí mo ṣí i, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ilé amọ̀ tí agbọ́n kọ́ dí ihò tí omi yẹ kó máa gbà jáde, omi òjò ọjọ́ pípẹ́ sì ti dúró lábẹ́ bọ́ọ̀dù. Lábẹ́ ẹnu ihò kejì, wáyà tó so ara wọn pọ̀ kò nípọn ju okùn ìránṣọ lọ, ó ti ní ìpẹtà aláwọ̀ ewé yíká, nígbà tí mo sì fi ìka fà á, ó já sí mi lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé láti ìgbà tí mo ti ń ra relay, wáyà yẹn ló yẹ kí n wò.

Mo ṣe é ní ìpele kí n lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo fi bátìrì dípò ṣájà nìkan, ariwo já láti S7 sí S3. Mo wá gé aluminiọ́ọ̀mù, mo de gbogbo ẹnu mọ́ ọn, mo jó kapásítọ̀ sí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì wá sí S2, bó ṣe máa ń wà bí mo bá so dipole tààrà. Kí n lè mọ bóyá aluminiọ́ọ̀mù náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, mo tún kì ṣájà àtijọ́ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú kan: S4 ni, kì í ṣe S7 mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan láti Kàdúná tó ń kí àwọn ará ilé rẹ̀, mo sì jókòó tì í títí ó fi parí ọ̀rọ̀ láìdá sí i.

Ferrite kò tíì dé. Mo ti sọ fún ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó kó bá mi rà méjì.

Ó ku ohun kan. Lórí mítà 20, ariwo S5 kan ṣì wà láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí kùrukùru bá bo oòrùn, á rọlẹ̀; bí oòrùn bá yọ, á dé. Dipole mítà 20 gba orí páńẹ́lì sólà mi kọjá, kò sì ga jù ú lọ ju mítà kan ààbọ̀ lọ.

Àgbà Ìjẹ̀bú:

O ti dáhùn ara rẹ, àbúrò. Ẹ̀rọ tó ń gba iná lọ́wọ́ páńẹ́lì fún bátìrì ni, iṣẹ́ títan-pípa kan náà ni òun náà ń ṣe, wáyà méjèèjì tó lọ bá páńẹ́lì sì ti di áńtẹ́nà fún un. Kọ́kọ́ fi aṣọ tó nípọn bo páńẹ́lì náà ní ọ̀sán gangan kí ó lè dá ọ lójú. Bí ariwo bá lọ, fi ọ̀kan nínú ferrite tó ń bọ̀ sí ìdí ẹ̀rọ yẹn, yí wáyà méjèèjì pọ̀ mọ́ ọn, kí o sì lọ́ wọn mọ́ra títí dé orí òrùlé. Lẹ́yìn náà ni kí a tó sọ̀rọ̀ lórí ibi tí a ó gbé dipole náà lọ. Yàwòrán òrùlé rẹ fún wa, kí o sì fi ibi tí òpó àti páńẹ́lì wà hàn.